Ọwọ́ Gíríìsì

Màmá mi bi mí ní Òkè-Àdó pé,
"Iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe?"
Ìgbà kẹrin lọ́dún yìí nìyẹn.
Mo ní, èmi kọ́ ni mò ń kọ kóòdù, Ìbídùn ni.
Èmi kọ́ ni mò ń yàwòrán, èmi kọ́ ni mò ń tà á.
Èmi ni mo máa ń béèrè pé: ta la ń ṣe é fún?
Ó wò mí, ó bu omi mu.
"Wọ́n sì ń sanwó fún ìbéèrè?"

Lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ní Mọ́kọ́lá
a lẹ bébà aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ògiri,
ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ tí a ò tíì ṣe.
Bí fáànù bá ń fẹ́, gbogbo ìlérí wa a máa mì.
A ya àwòrán ọ̀nà: oṣù yìí, èyí; oṣù tó ń bọ̀, ìyẹn;
ọ̀nà tó gún régé,
bí ẹni pé kò sẹ́ni tó gba Mọ́níyà rí nígbà òjò.
A tilẹ̀ dá oníbàárà kan sínú ìwé:
ẹni ogójì ọdún, ó fẹ́ràn fóònù,
ó fara mọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ.
Ẹni tí a fẹnu ara wa bí kò lè jà wá níyàn.

Akínyòdé, ọ̀gá wa, fẹ́ bọ́tìnnì méjìlá.
Mo ní mẹ́ta: ẹni tó ń kọ́lé
a kọ́kọ́ kọ́ yàrá tí yóò sùn.
Ó ní àwọn tó fowó sílé iṣẹ́ fẹ́ rí nǹkan ńlá.
A ṣe mẹ́sàn-án. Kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ọjọ́ tí a ṣí i, a pín ẹlẹ́rìndòdò.
Ẹgbẹ̀ta ènìyàn gbà á sórí fóònù, a pàtẹ́wọ́.
Ìbídùn nìkan ló béèrè:
mélòó ló padà wá lọ́jọ́ kejì?
Mọ́kànlélógún.
Fáànù ń fẹ́.

Ni mo bá gba Àráròmí lọ, ní Géètì,
níbi tí ẹ́ńjìnnì tó ti kú ti ń retí àjíǹde.
Àlàájì Ràímì, ṣé ẹ ń lo ohun tí a ṣe?
"Lójoojúmọ́!" ni ó wí.
Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lọ sílé.
Ṣùgbọ́n àgbà kì í já ọmọ tó wá kí i kulẹ̀:
má gbọ́ tẹnu, wo tọwọ́.

Mo jókòó lórí táyà títí aago mẹ́rin.
Ẹnìkan ra rédíétọ̀ láwìn.
Àlàájì nawọ́ sí fóònù, ó dúró:
ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gíríìsì dé ọrùn ọwọ́.
Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ gbèsè náà sára ilẹ̀kùn irin,
láàárín orúkọ mìíràn tó tó ọgbọ̀n.
Ẹni tó bá ti san, ìka kan a pa á rẹ́.
Ilẹ̀kùn kì í béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé.
Bátìrì rẹ̀ kì í kú.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó nu ìka kan,
ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ó fi wá nọ́mbà ara bẹ́árìn.
Lójoojúmọ́, lóòótọ́.

Mo já bébà ìyeyè kúrò lára ògiri.
Ó dùn mí, pàápàá àwọn tí mo fọwọ́ ara mi kọ.
"Oṣù mẹ́fà," Akínyòdé wí, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ìbídùn ní, "Kó máa sọ ọ́. Kí fóònù máa kọ ọ́."
Nǹkan kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò rẹwà.

Àlàájì sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí:
"Wàsíù, ẹgbẹ̀rún méjìlá, ó di Jímọ̀."
Fóònù kọ ọ́ ní *Wàásù*.
Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kò burú, ó sún mọ́ra,
ó sì tún mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn.
Mo kọ ìyẹn náà sórí bébà.

Màmá mi gbọ́ ọ dópin.
"Ó dáa," ni ó wí.
"Wàsíù yẹn, ṣé ó ti sanwó?"

N ò béèrè.